Ẹsẹ̀ màámi ń kú: ti nẹ́ẹ̀fù ni àbí ti ẹ̀jẹ̀ tí kò dé bẹ̀? Oògùn wo ló wà fún un?

Ọmọ_Màmá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ màámi ni mo gbé wá, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó jọ̀ọ́ bá mi dá sí i. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣúgà wọn ti pẹ́, wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin fún ṣúgà àti amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń lò bọ̀ látọdúnmọ́dún. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ló ń kú báyìí. Orí ọmọ ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọrùn ẹsẹ̀. Tó bá ti di alẹ́ ni wàhálà ọ̀hún ń le, wọ́n á ní ó ń jó àwọn, ó ń gún àwọn bí abẹ́rẹ́, kódà aṣọ tí wọ́n fi bora ò gbọdọ̀ fara kàn án, àmọ́ ẹsẹ̀ yìí kan náà ni sálúbàtà á bọ́ kúrò níbẹ̀ tí wọn ò ní mọ̀, wọ́n á ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa tán kí n tó rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ bàtà.

Wọ́n ti fún wọn ní pregabalin 75 mg, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Jíjó yẹn rọlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń rí oorun sùn, ṣùgbọ́n kíkú yẹn wà bó ṣe wà, òòyì tún ń kọ́ wọn, ẹsẹ̀ sì ti ń wú. Àbúrò bàbá mi wá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ wọn dáadáa, cilostazol lòun ń lò tó bá òun lára mu, ká lọ ra á fún wọn. Ẹlòmíì ní aspirin. Ẹlòmíì ní fítámì. Orí mi ti dàrú. Èwo ni ti nẹ́ẹ̀fù, èwo ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀, ṣé wọ́n ṣe é lò pọ̀, kí ló sì dé tí pregabalin ò mú kíkú yẹn lọ? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Apòògùn_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Pregabalin ò wá láti jí ẹsẹ̀ tó kú. Nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tó bá ti ń bàjẹ́, apá kan nínú ẹ̀ á dákẹ́, òun ni ẹsẹ̀ ṣe ń kú, apá kejì á wá máa pariwo nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, òun ni jíjó àti gígún. Gbogbo oògùn tí àwọn èèyàn ń pè ní oògùn nẹ́ẹ̀fù, pregabalin o, gabapentin o, amitriptyline o, duloxetine o, ariwo yẹn ni wọ́n ń pa. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń tún nẹ́ẹ̀fù ṣe. Torí náà tí màmá bá ní jíjó ti dín kù, tí wọ́n ń sùn, oògùn ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ má torí pé sálúbàtà ṣì ń bọ́ kẹ́ ẹ wá máa fi kún un.

Ọ̀rọ̀ òòyì yẹn ló wá ká mi lára jù. Inú kíndìnrín ni pregabalin àti gabapentin ń gbà jáde lára, bẹ́ẹ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ kì í fi kíndìnrín sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí kíndìnrín ò bá lágbára mọ́, ìwọ̀n oògùn tí ara ẹlòmíì ń gbà wẹ́rẹ́ á máa kó jọ sára tiwọn, òòyì á máa kọ́ wọn, wọ́n á máa tòògbé lójú mọmọ, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kú tẹ́lẹ̀ ni òòyì tún wá ń kọ́, ẹ ò rí i pé ìṣubú ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ bi dókítà pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ creatinine màmá wò kẹ́yìn (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára kíndìnrín hàn), ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dídín oògùn yẹn kù ni wọ́n máa ṣe.

Wíwú ẹsẹ̀ náà ńkọ́? Amlodipine nìkan tó wú ẹsẹ̀, pregabalin nìkan tó wú ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì wá pàdé lára èèyàn kan. Àmọ́ kì í ṣe oògùn nìkan ló ń wú ẹsẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn lórí èyí: ṣé dókítà kankan ti sọ fún wọn rí pé ọkàn wọn ò lágbára tó? Ṣé èémí máa ń há wọn tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀? Ẹ má ra cilostazol kankan títí ẹ fi máa dá mi lóhùn.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má dá pregabalin dúró lójijì o. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, ó kéré tán bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọn ò sì gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ tramadol tàbí codeine tàbí oògùn oorun tàbí ọtí láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i, ó lè mú kí mímí rẹlẹ̀ jù.

Apòògùn_Ìrọ̀lẹ́

Mo tún padà dé, torí mo gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì jù. Metformin! Metformin tó bá ti pẹ́ lára máa ń dín fítámì B12 kù nínú ẹ̀jẹ̀, àìtó B12 náà sì máa ń mú ẹsẹ̀ kú, á máa gún, á máa jó, láti orí ọmọ ìka lọ sókè, gẹ́lẹ́ bí èyí tí ṣúgà ń fà. Ẹ ò lè fojú yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní 2022 ni àjọ tó ń rí sí oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MHRA, rán àwọn dókítà létí pé kí wọ́n máa yẹ B12 wò fún ẹni tó bá ń lo metformin tó wá ní irú àpẹẹrẹ yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Tí wọ́n bá ṣe é tí B12 lọ sílẹ̀ lóòótọ́, abẹ́rẹ́ B12 tàbí hóró oògùn rẹ̀ tó lágbára ni wọ́n máa fún wọn, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba oògùn tó ń wo ohun tó ń pa nẹ́ẹ̀fù gan-an, pàápàá tí wọ́n bá tètè rí i. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kéèyàn máa gbé pregabalin sókè lórí ẹsẹ̀ tí B12 ló ń pa, bó ṣe rí nìyẹn.

Dókítà á tún fẹ́ mọ HbA1c wọn (bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta), á wo tárọ́ìdì, á béèrè bóyá wọ́n ń mutí, bóyá wọ́n ti lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ (isoniazid máa ń fa irú ẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi B6 tì í lẹ́yìn), bóyá wọ́n ti gba oògùn jẹjẹrẹ rí. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kà á, ohun tó ń mú ẹsẹ̀ kú pọ̀ ju oògùn tó wà fún un lọ.

Bàbá_Ìbejì

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ fi wé ti ìyá yín. Èmi ò mọ jíjó kankan. Tí mo bá rìn díẹ̀, ẹran ojúgun mi lẹ́yìn á fún pọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi okùn dè é, máa dúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ á tú, máa tún rìn, ibi tí mo bá tún rìn dé tó tó ti àkọ́kọ́ yẹn, á tún mú mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló pọ̀ jù. Ó tutù ju èkejì lọ, irun ojúgun ibẹ̀ ti re dànù, awọ ibẹ̀ ń dán. Nígbà tó wá le, òru ni ẹsẹ̀ máa ń dùn mí tí mo bá nà án sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo bá sì gbé e sọ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì á rọlẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀nà ṣàn lọ sísàlẹ̀. Jíjó tó jẹ́ ti nẹ́ẹ̀fù kì í tẹ̀ lé irú ètò yìí, yálà ẹ rìn ni o ẹ ò rìn ni o, ó ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n fi mọ̀ nìyí: wọ́n wọn bípì apá mi, wọ́n wá wọn ti ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. ABI ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 1, tó bá ti wálẹ̀ ju 0.9 lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ ti dín nìyẹn. Dókítà mi ní tó bá jẹ́ oníṣúgà, iṣan wọn máa ń le gbagidi débi pé èsì á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ á máa sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà, nítorí náà wọ́n lè ní kí wọ́n wọn ti ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Oògùn tí wọ́n gbé fún mi: clopidogrel 75 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú iṣan tó ti dín, àti atorvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Èmi náà bínú pé èwo ni ti ọ̀rá nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn oògùn méjèèjì yìí ló ń gba ẹ̀mí mi là, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan, torí ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dín, ti ọkàn àti ti ọpọlọ rẹ̀ náà kì í sábà gbéra wọn sílẹ̀. Cilostazol ọ̀hún dé kẹ́yìn, 100 mg láàárọ̀ àti lálẹ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó jẹun tàbí wákàtí méjì lẹ́yìn tí mo bá jẹun. Orí kọ́kọ́ fọ́ mi gan-an, àyà mi ń lù kìkì, ó wá rọlẹ̀. Ohun tó ṣe fún mi ni pé ibi tí mo lè rìn dé ti gùn sí i. Kò ṣí ibi tó dí. Wọ́n sì sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé tó bá fi máa pé oṣù mẹ́ta tí mi ò rí ìyàtọ̀, àwọn máa dá a dúró ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí, omeprazole ni mo ń lò fún inú tẹ́lẹ̀, wọ́n yí i padà sí pantoprazole, wọ́n ní omeprazole kì í jẹ́ kí clopidogrel ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó sì ń mú kí cilostazol pọ̀ jù lára. Ká ní mi ò dárúkọ ẹ̀ ni, ta ni ìbá mọ̀?

Àmọ́ ká sòótọ́, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni sìgá tí mo jù nù àti rírìn. Rírìn gan-an ló ń wo ẹsẹ̀ tí kò lè rìn! Ẹ rìn dé ibi tó ti máa dùn yín dáadáa, ẹ dúró, ẹ tún rìn, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ó kéré jù, fún oṣù bíi mélòó kan. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ọgbọ́n_Inú

Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ kàn ń da màmá láàmú ni. Gbogbo oògùn òyìnbó yìí májèlé ni. Alpha lipoic acid 600 mg, ginkgo, kí wọ́n wá fi B-complex tó lágbára gan-an tì í, èyí tí B6 rẹ̀ pọ̀ dáadáa, kó di ọ̀ràn àná. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ kàn sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Apòògùn_Ìrọ̀lẹ́

@Ọgbọ́n_Inú ẹ rọra o. Alpha lipoic acid, àwọn oníṣègùn ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń lò ó ní Jámánì fún nẹ́ẹ̀fù oníṣúgà láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, àmọ́ èsì rẹ̀ ò dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíì. B6 tó pọ̀ dáadáa yẹn ni mi ò ní jẹ́ kó kọjá báyìí. B6 tó bá pọ̀ jù, tó sì pẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló ń ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́. Ẹsẹ̀ á kú, ọwọ́ á kú, èèyàn á tún wá máa fi B6 kún B6 torí pé ẹsẹ̀ ń kú. Ginkgo pọ̀ mọ́ aspirin tàbí clopidogrel, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tajà lórí ọ̀rọ̀ ìyá ẹni ẹlẹ́ni.

Ọmọ_Màmá

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n apòògùn, ìbéèrè yín yẹn dẹ́rù bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni o, dókítà ti sọ ọ́ rí pé ọkàn wọn ò ta ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ, furosemide, oògùn tó ń mú omi jáde lára, ni wọ́n fún wọn nígbà yẹn, wọ́n ń lò ó wọ́n ń fi sílẹ̀ torí wọ́n ní ó ń jẹ́ káwọn máa tọ̀ jù. Ìrọ̀rí méjì ni wọ́n fi ń sùn. Ti Bàbá Ìbejì yẹn, màámi ò ní ìrora ojúgun tí wọ́n bá ń rìn, ẹsẹ̀ wọn ò sì tutù, àfi jíjó àti kíkú yẹn.

Apòògùn_Ìrọ̀lẹ́

Cilostazol ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò sí àdéhùn kankan níbẹ̀: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá ta ẹ̀jẹ̀ dáadáa ò gbọdọ̀ lò ó, ì báà jẹ́ díẹ̀ ni àìsàn ọkàn náà mọ. Ó bá bàbá yín kékeré lára mu, kò burú, bóyá ọkàn tiwọn le. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi furosemide sílẹ̀ láìsọ fún dókítà, wíwú ẹsẹ̀ yẹn lè máà jẹ́ ẹjọ́ pregabalin nìkan mọ́. Pregabalin fúnra ẹ̀ kì í ṣe èyí téèyàn ń fún alárùn ọkàn láìfiyè sí i.

Aspirin ńkọ́? Aspirin ò ṣe nǹkan kan fún nẹ́ẹ̀fù tó ń kú. Ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dín ni, tàbí ẹni tó ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ rí, dókítà ló sì ń sọ bóyá àǹfààní rẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ yíya inú ikùn lọ. Diclofenac àti ibuprofen tí àwọn èèyàn máa ń sáré gbé, wọn kì í ràn jíjó nẹ́ẹ̀fù lọ́wọ́, lára ẹni tó ní ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti furosemide, kíndìnrín ni wọ́n ń lọ bá jà tààrà.

Tí dókítà bá fẹ́ yí oògùn padà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ní 2022 wọ́n gbé èsì ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní OPTION-DM jáde nínú The Lancet, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n fi amitriptyline, duloxetine àti pregabalin wéra lára àwọn oníṣúgà tí nẹ́ẹ̀fù ń dà láàmú. Agbára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn, ẹni tí ọ̀kan ò sì tó fún, fífi èkejì kún un ràn án lọ́wọ́. Ohun tó wá ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí kálukú ń fà. Amitriptyline rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, 10 mg lálẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á le, ìtọ̀ lè há fún ọkùnrin tí prostate rẹ̀ wú, ó sì lè da ìlù ọkàn rú, mi ò rò pé wọ́n máa yàn án fún màmá. Duloxetine, 30 mg ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé 60, èébì lè máa gbé èèyàn níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pàdé tramadol láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Àwọn tí wọn ò fẹ́ gbé oògùn mì rárá, kírímù capsaicin wà, wọ́n ń fi í ra ibi tó ń jó, ara á kọ́kọ́ ta wọ́n kó tó rọ̀, kí wọ́n sì fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn ẹ̀ kó má lọ kan ojú.

Àbẹ̀ní_T

Ẹ jọ̀ọ́ kí n yà síbí. Èmi ò ní ṣúgà, ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń kú lóru, láti àtàńpàkò dé ìka àárín, tí mo bá gbọ̀n ọ́n á jí. Ṣé pregabalin ni?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

@Àbẹ̀ní_T rárá o, tiyín jọ nẹ́ẹ̀fù tó há ní ọrùn ọwọ́, carpal tunnel. Pregabalin ò ní tú ohun tó há. Ẹ fi nǹkan tó ń mú ọrùn ọwọ́ dúró gbọnrangandan sùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí kò bá lọ, abẹ́rẹ́ steroid wà, iṣẹ́ abẹ kékeré wà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ títí ẹran ìdí àtàńpàkò á fi máa gbẹ. Tó bá jẹ́ pé tí òtútù bá mú yín ni ìka máa ń funfun, á di búlúù, á wá pọ́n, ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń há nìyẹn, Raynaud, nifedipine ni wọ́n sábà ń fún irú wọn, wọ́n á sì wò bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi propranolol tí ẹ ń lò ló ń bù kún un.

Ó wá ku ẹ̀yin Ọmọ Màmá. Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ mi, n ò ní fi oògùn kún oògùn fún yín. Ẹ jẹ́ kí màmá dijú, ẹ fi orí ìka ìfábẹ̀lá yín kan orí àtàńpàkò ẹsẹ̀ wọn, ẹ kan ìka àárín, ẹ kan èyí tó kéré jù, fẹ́rẹ́ báyìí, ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe ẹsẹ̀ kejì náà, kí wọ́n máa sọ ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Mẹ́fà lápapọ̀. Tí wọn ò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ti wà nínú ewu. Ipswich, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi sọ orúkọ àyẹ̀wò yìí, kò gba ohun èlò kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti àárín ọmọ ìka, kí ẹ sì máa ti ọwọ́ bọ inú bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Mo ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ bàbá kan tí mo bá ìṣó kékeré tó ti gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, orí rẹ̀ ti dán nítorí rírìn, bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá mi ṣàwàdà, kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti lu. Wọn ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ wọn yẹ omi gbígbóná wò, ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíì ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn wọ̀nyí ò ní dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni níbí o: kíkú tó bá dé lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì kì í sábà gbọdọ̀ kọjá wákàtí 4 àti ààbọ̀ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ti yàwòrán ọpọlọ kí wọ́n tó fún un, torí náà ẹ má fún wọn ní aspirin nílé. Ẹsẹ̀ kan tó dédé tutù, tó funfun, tó ń dunni gan-an, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti dí pátá, wákàtí díẹ̀ ló kù fún ẹsẹ̀ yẹn. Kíkú tó mú àárín itan, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò sí lábẹ́ àkóso mọ́, nẹ́ẹ̀fù ló há ní egungun ẹ̀yìn. Kíkú tó ń sáré gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń rọ, tí mímí ń le. Gbogbo ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn ní kíá.

Ọmọ_Màmá

Ẹ̀yin àgbà mi, a ti dé. Méjì péré ni màámi mọ̀ nínú mẹ́fà yẹn. Dókítà gbọ́ lílù iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn méjèèjì, ó sì wọn ọmọ ìka wọn, ó ní ẹ̀jẹ̀ ń dé bẹ̀. B12 wọn ló lọ sílẹ̀ gan-an! Kíndìnrín náà ti dín agbára kù díẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ B12, wọ́n ń dín pregabalin kù, wọ́n fẹ́ fi duloxetine 30 mg rọ́pò ẹ̀, wọ́n yí amlodipine padà, wọ́n sì bá wọn jà lórí furosemide. Bàbá mi kékeré ń bínú sí mi nítorí cilostazol, mo ní kí wọ́n pe dókítà. Ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ yìí máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé kí wọ́n wá fi metformin sílẹ̀ ni?

Apòògùn_Ìrọ̀lẹ́

Kí wọ́n má fi metformin sílẹ̀ fúnra wọn o. Metformin àti B12 lè jọ wà, kí wọ́n kàn máa yẹ B12 wò lóòrèkóòrè ni. Gígún àti jíjó lè máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù, kíkú ló máa ń lọ́ra jù, èyí tó bá ti pẹ́ lè máà lọ tán, pàápàá tí ṣúgà náà lọ́wọ́ sí i. Tí ṣúgà wọn bá ga báyìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n já a wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni, torí ṣúgà tó bá já wálẹ̀ lójijì máa ń mú nẹ́ẹ̀fù jó sí i nígbà míì.

Ọmọ_Màmá

Ó yé mi, ẹ ṣé. Màámi ní kí n bi Nọ́ọ̀sì bóyá àwọn lè máa wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn, torí aṣọ ìbora yẹn ṣì ń ta wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Wọ́n lè wọ̀ ọ́, èyí tó fẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ kò fún, tí kò ní ojú rírán tó le nínú. Kó jẹ́ funfun, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ọgbẹ́ bá yọ ẹ máa rí i láàárọ̀. Ẹ sì fi páálí tàbí ìrọ̀rí gbé aṣọ ìbora sókè níbi ẹsẹ̀ kó má fara kàn wọ́n.